Àwọn Ọkọ Mi Tó Ń Fò Lókè

Bí òjò bá rọ̀ sórí kankéré tí oòrùn ti yan láti àárọ̀, òórùn kan máa ń jáde níbẹ̀ tí mi ò tíì rí orúkọ fún títí dòní. Ó fara jọ ti ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọnmi sí, ó sì ní díẹ̀ nínú òórùn ọṣẹ ìfọṣọ. Ibi yòówù kí n ti gbọ́ ọ, orí dẹ́kìn ilé ọkọ mi ní Òkè-Odò ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Ìwọ náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n pọ̀ káàkiri Alímọ̀ṣọ́. Bàbá kan á kọ́ ìsàlẹ̀ parí, á da kankéré lé e lórí, á fi irin sílẹ̀ kó yọrí sókè ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á ní òun ń bọ̀ wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá ọkọ mi kò rí ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ṣe tí ọlọ́jọ́ fi dé. Irin náà dípatà, a so okùn mọ́ ọn, a sì ń sá aṣọ lé e.

Ṣáṣá ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn odi pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà gan-an, níbi tí àwo ti máa ń gbọ̀n lórí tábìlì bí bàálù bá ń kọjá. Bàbá mi ló kó èèràn rẹ̀ ràn mí. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n, wọ́n tún ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àdúgbò wa, etí wọn sì mú bí abẹ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á di ojú, wọ́n á ní, “Gbọ́, 330 nìyẹn. Ó ń hùn bí ẹni ń kọ ohùn ìsàlẹ̀.” Bó bá yọ lókè òrùlé, 330 ni lóòótọ́. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ń pọn bèbí, èmi ń ka ẹ́ńjìnì. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnì bàálù 737 tẹ́ nísàlẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé e. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ 777 ní táyà mẹ́fà mẹ́fà, àti pé 747 ló ní ẹ́ńjìnì mẹ́rin pẹ̀lú iwájú tó yọ gọngọ sókè. Bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni mo ṣe fẹ́ràn wọn. Má bi mí nídìí rẹ̀ o, ta ló ń mọ ìdí tí nǹkan fi ń wu òun?

Nígbà tí mò ń múra ilé ọkọ, gbogbo èèyàn rò pé nítorí ìyá mi ni mo ṣe ń sunkún. Nítorí ìyá mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún ń bà mí pé ojú ọ̀run Òkè-Odò lè ṣófo. Ọlọ́run ò jẹ́. Ìrọ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gun orí dẹ́kìn láti lọ kó aṣọ, mo gbọ́ ohun tí mo mọ̀. Bàálù kan ń bọ̀ láti apá Ìfọ̀, ó ti sọ táyà kalẹ̀, ó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ láti òkun, apá ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbà wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó tò sórí ìlà. Mo dúró ti aṣọ, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ẹ rí i, wọ́n bá mi délé ọkọ.

Ohun tí kò tètè yanjú ni ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá ọkọ mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, tí wọ́n ta ike àti garawa ní ọjà Òkè-Odò títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọn ò bú mi rí, wọn ò yọ mí lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò ló ń dùn mí. “O káàárọ̀, ṣé o sùn dáadáa?” Ó parí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mi ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi àlùwàlá kalẹ̀ fún àgbàlagbà. Mo ṣe gbogbo ohun tí ìyàwó ń ṣe. Mo fún àwọn ará ilé lórúkọ, nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Command, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo sọ wọ́n, inú wọn sì dùn sí i débi pé wọ́n máa ń mi ìdí díẹ̀ bí mo bá pè wọ́n. Síbẹ̀, àlejò ni mo ṣì jẹ́ lójú Ìyá, mo sì mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́jọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo wà lórí dẹ́kìn, mò ń fún ṣòkòtò ọkọ mi tí òjò pa. Ohùn kan dún láti inú àwọsánmà, ohùn tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ṣáṣá, ohùn ẹ́ńjìnì mẹ́rin tí wọ́n jọ ń hó pọ̀. Nígbà tó yọ jáde, mo ju ṣòkòtò sókè, mo pariwo, “Seven-four-seven! Àní seven-four-seven ni!” Bí mo ṣe yíjú padà báyìí, Ìyá ló dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n di irin mú, wọ́n ń mí gúlegúle. Láti ìgbà tí mo ti délé náà, mi ò rí wọn kí wọ́n gun òkè yẹn rí.

“Ta lò ń pariwo pè?”

“Bàálù ni, mà.”

“O mọ̀ ọ́n ni?”

“Mo mọ orúkọ ẹ̀, mà. Seven-four-seven ni.”

Wọ́n wo òkè, wọ́n wò mí. “Bàálù yìí ti ń kọjá lórí ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó gbé ẹ wá. Ọjọ́ tí bàbá wọn ń da kankéré tó o dúró lé yìí, ó ń kọjá. Ṣé bí ìyàwó ṣe ń pe ẹni tó bá nílé nìyẹn? O kàn ń la orúkọ mọ́ ọn lórí!”

Ara mi bù máṣọ. Mo kúnlẹ̀ sínú omi òjò, mo ní kí wọ́n má bínú. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, mo rí i pé èjìká Ìyá ń mì. Ẹ̀rín ni, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n ń rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Dìde jàre,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀yin ń pè é ní ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ kọ́, ọkọ ẹ ni. Wá orúkọ tó dáa fún un.”

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá bá ti kírun àsárì tán, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìkérora orúnkún. Mo yí búlọ́ọ̀kù kan dé, mo tẹ́ aṣọ lé e, ìjókòó wọn nìyẹn. A wá ń fún àwọn ọkọ mi lórúkọ. 737 tó ń lọ Àbújá tó ń bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, Ọmọ-Ilé la pè é. 777 gùn, ó sì rìn dáadáa lójú ọ̀run, Ìyá ní Agùntáṣọọ́lò ni. Kékeré kan wà tó ń fi nǹkan bí abẹ fáànù fò, Onífáànù ni tiẹ̀. Nígbà tí mo júwe 330 tí bàbá mi fẹ́ràn, Ìyá wò ó títí ó fi kọjá, wọ́n ní, “Tinrín báyìí? Awẹ́lẹ́wà nìyẹn.” Fún 747, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ká pè é ní Abuké, nítorí bí iwájú rẹ̀ ṣe yọ. Ìyá fajú ro. “Ta ní ń pe ọkọ ẹ̀ ní abuké? Wò ó dáadáa, ìwọ ọmọ yìí. Gèlè ló wé.” Mo wò ó. Gèlè ni lóòótọ́, gèlè tí wọ́n wé tì síwájú orí, tí ìyókù ara wá tẹ̀ lé e tìyì tìyì. Onígèlè la pè é, n ò sì lè fi ojú mìíràn wò ó mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àárín wa wá dán mọ́rán. Orí dẹ́kìn yẹn ni Ìyá ti sọ fún mi ohun tí wọn ò sọ fún ọmọ tí wọ́n bí. Àwọn ọmọ wọn ti ń fẹ́ kí wọ́n lọ sí Mẹ́kà ti pẹ́. Lọ́dọọdún ni Ìyá máa ń rí àwíjàre: orúnkún ń dùn wọ́n, òjò ti pọ̀ jù, ta ni yóò máa ṣọ́ ilé. Wọ́n á ní, “Mẹ́kà ò sá lọ.” Àwọn ọmọ rò pé wọn ò fẹ́ kí àwọn náwó ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Agùntáṣọọ́lò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, gbogbo nǹkan dákẹ́. Ìyá ò wò mí. Wọ́n ń wo ibi tó gbà lọ.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí,” ni wọ́n wí. “Ẹsẹ̀ mi ò kúrò nílẹ̀ rí. Bàbá wọn fẹ́ lọ títí wọ́n fi kú, wọn ò rí i lọ. Èmi tí wọ́n ní kí n máa lọ, ẹ̀rù ń bà mí. Má sọ fún ọkọ ẹ o. Ti ilẹ̀ ni mò ń wí.”

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé àlejò kọ́ là ń sọ irú rẹ̀ fún. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí pé inú mi dùn sí ẹ̀rù ẹlẹ́rù. Mo wá pinnu lọ́kàn mi pé Ìyá yóò lọ.

Èmi fúnra mi ò tíì wọ bàálù nígbà náà o. Ohun tí ojú mi rí ni mo lè fi kọ́ni. Mo fi han Ìyá bí apá wọn ṣe ń tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn bí wọ́n bá fẹ́ rọra ṣe, bí ti adìẹ tó ń bọ̀ láti orí ògiri. Mo fi han wọn bí táyà ṣe ń jáde nígbà tí ilẹ̀ ṣì jìn, kí ó má baà di kánjúkánjú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ń ṣàlàyé yìí ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ní Ṣáṣá, bí bàálù bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, àwa ọmọdé máa ń pariwo pé, “Ó ti ń já wálẹ̀ o!” Mo kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá gbé ọwọ́ lé mi lẹ́nu.

“Ẹ̀n-ẹ́n! Bàálù kì í já lẹ́nu ẹ. Èyí tó bá já, òkú ló gbé. Balẹ̀ là ń wí. Ṣé o ò mọ̀ pé bí ọkàn náà ṣe ń balẹ̀ nìyẹn?”

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń sọ pé ọkàn mi balẹ̀, mi ò ronú kàn án rí pé ọkàn náà ti ní láti wà lókè níbì kan kó tó lè balẹ̀. Bí wọ́n ṣe lé “já” jáde nílé wa nìyẹn. Ó wá le débi pé nígbà tí okùn tí a ń sáṣọ sí já, tí aṣọ ìrun Ìyá bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, mo dúró níwájú wọn, mo ń wá ọ̀rọ̀, mo ní, “Mà, okùn ti… okùn ti gé.” Ìyá ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Èmi àti ọkọ mi ti ilẹ̀ rín ẹ̀rín yẹn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Nígbà tí àsìkò Háàjì tún sún mọ́, ọkọ mi mú ìròyìn wálé pé irú bàálù tí wọn yóò fi kó àwọn arìnrìn-àjò, 747 ni. Mo gun òkè lọ bá Ìyá. Mo ní, “Mà, Onígèlè ni.” Wọ́n ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Wọ́n fi ọwọ́ nu orúnkún wọn méjèèjì bí ẹni ń nu tábìlì, wọ́n ní, “Ìyẹn lè gbé mi. Ẹni tó bá mọ gèlè wé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé obìnrin.” Gbogbo ilé ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdílẹ̀kẹ̀ wá láti Command, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ò fi gbogbo ara rín in. “Ìyàwó, àwa ọmọ bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Ìwọ lo ní kí wọ́n lọ, wọ́n ń lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká kábàámọ̀ o.” Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn jókòó sí mi láyà bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí nǹkan kan bá ṣe Ìyá lókè yẹn, èmi náà yóò lórúkọ nínú ilé. Ìyàwó tó ti ìyá ọkọ rẹ̀ sínú bàálù ni wọn yóò máa pè mí.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, apá òkun ni bàálù gbà gòkè, a ò rí i láti ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ mi tó sìn wọ́n dé pápá ní funfun báláú ni, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀, àti pé Ìyá wo iwájú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó wọlé, bí ẹni ń wò bóyá ojúlùmọ̀ ni. Gbogbo àsìkò tí wọ́n fi wà lọ́hùn-ún, èmi nìkan ni mò ń gun orí dẹ́kìn. Búlọ́ọ̀kù wọn wà níbẹ̀, mi ò jókòó lé e. Mò ń kí àwọn ọkọ mi bí wọ́n bá ti ń kọjá, ṣùgbọ́n kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa padà dé, ọkọ mi àti Ìdílẹ̀kẹ̀ ti lọ dúró ní pápá láti ọ̀sán. Èmi dúró sílé láti se oúnjẹ. Fóònù mi kò ní iná, mo bá gbé e fún ayálégbé wa tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, pé kó bá mi fi í síná. Àsárì ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnì mẹ́rin. Mo sá gòkè. Ó ń bọ̀ lóòótọ́ láti apá Ìfọ̀, funfun báláú, gèlè rẹ̀ ń dán nínú oòrùn ìrọ́lẹ́, táyà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mo bọ́ gèlè orí mi, mo ń jù ú, mo ń pariwo, “Ẹ káàbọ̀ o! Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀!” Ó rọra kọjá, ó ń lọ sílẹ̀ sí i, títí ó fi wọ ẹ̀yìn àwọn òrùlé apá Dópẹmu. Láti ọ̀dọ̀ wa, a kì í rí ibi tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń parí sí lójú wa. Mo fi ayọ̀ kó aṣọ tó ti gbẹ, mo ń ká a lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò kánjú.

Mo ṣì ń ká a lọ nígbà tí mo gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀. “Yéè! Mo gbé o! Bàálù àwọn Ìyá ti já o!”

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ náà di fóònù mi mú. Ó ní, “Ìdílẹ̀kẹ̀ yín ló pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò da, ariwo pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní, ‘Bàálù àwọn Ìyá ti já,’ ni ìlà bá gé.” Mo pe nọ́ńbà náà, kò lọ. Mo pe ti ọkọ mi, kò lọ. Àwọn ará àdúgbò ti ń ya wọlé, àwọn obìnrin ti ń ká ọwọ́ lérí. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń yí nínú orí mi ni ohùn Ìyá: èyí tó bá já, òkú ló gbé. Ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní, ó ń sọ fún ẹnì kejì ní ohùn ìsàlẹ̀ pé, “Àní ìyàwó yìí náà ló ní kí wọ́n lọ.”

Ìyẹn ló gbé mi dìde. Mo sá padà sórí dẹ́kìn. Mo ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, màá rí èéfín. Mo wo apá Ìkẹjà títí ojú fi ń ta mí. Kò sí èéfín. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀, ó lè má tíì gbéra. Mo dúró, mo di irin bàbá ọkọ mi mú, ìpatà rẹ̀ ń kùn mí lọ́wọ́. Mo gbàdúrà ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún fi “Bísímíláì” tí mo gbọ́ lẹ́nu Ìyá kún un. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan. Ó ń bọ̀ láti apá Ìfọ̀. Ọmọ-Ilé ni. Ó sọ táyà kalẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà kan náà, ó wọ ẹ̀yìn òrùlé kan náà. Kò pẹ́ tí Awẹ́lẹ́wà fi tẹ̀ lé e, òun náà wọlé.

Mo rántí ohun tí bàbá mi sọ fún mi nígbà kan ní Ṣáṣá, lọ́jọ́ tí táyà bàálù kan bẹ́ sójú ọ̀nà ìbalẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ń yí po lókè bí àṣá, kò sí èyí tó wọlé títí wọ́n fi gbé e kúrò. “Bí ọ̀kan bá ní ìṣòro nílẹ̀,” ni bàbá mi wí, “ìyókù á dúró lókè.” Táyà lásán ni ti ọjọ́ yẹn o. Mo na ọrùn sí ìsàlẹ̀, mo pariwo bí mo ṣe lè pariwo tó.

“Wọ́n ṣì ń balẹ̀! Ẹ gbójú sókè, ẹ wò ó! Wọ́n ṣì ń balẹ̀!”

“Àwọn wo?” ni aránṣọ náà bi mí.

“Àwọn ọkọ mi! Bí bàálù bá já níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí òmíràn wọlé!”

Wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń yí. “Ṣé ó dá yín lójú?” ni ó tún béèrè. Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ọmọ-Ilé mìíràn ṣe tún yọ, tí gbogbo wọn gbójú sókè wò ó títí ó fi wọlé, ariwo ẹkún náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ la wà nígbà tí fóònù dún lọ́wọ́ aránṣọ. Ó sáré gbé e gun òkè wá fún mi, àfi bí ẹni pé iná ló gbé dání.

“Ìyàwó!” ohùn Ìdílẹ̀kẹ̀ ni, wọ́n ń jẹ nǹkan lẹ́nu. “Ṣé ẹ ti gbé omi kaná? Mo pè lẹ́ẹ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́. Mo ní bàálù àwọn Ìyá ti já wọn, ẹrù la ń dúró dè.”

“Ó ti já… wọn?”

“Ehn, ó ti já wọn, wọ́n ti bọ́ọ́lẹ̀. Kí ló dé tó ò ń mí báyìí?”

Mo jókòó. Lórí búlọ́ọ̀kù Ìyá ni mo jókòó, mo bú sẹ́kún. Aránṣọ náà gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Ẹ̀yin Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ forí jì mí o, ṣùgbọ́n irú èdè wo nìyẹn? Ṣé kábúkábú ni bàálù ni, tó fi máa já èrò?” Ẹ̀rín bẹ́ nísàlẹ̀, àwọn tó ń ká ọwọ́ lérí lẹ́ẹ̀kan ló ń fọwọ́ lu itan. Ìdílẹ̀kẹ̀ ò mọ̀ pé wọn kì í sọ ọ́ nílé wa. Command ni wọ́n ń gbé, wọn ò sí lórí dẹ́kìn lọ́jọ́ tí Ìyá gbé ọwọ́ lé mi lẹ́nu.

Ìrọ́lẹ́ ṣì mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ìyá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, funfun láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n rù díẹ̀, ojú wọn ń dán. Gbogbo àdúgbò ń pariwo, “Àlàájà! Àlàájà, ẹ káàbọ̀!” Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu géètì. Ojú mi ti wú. Ìyá kọjá lára àwọn tó kù, wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ yẹn gbóná.

“Ọkọ ẹ Onígèlè ní kí n kí ẹ,” ni wọ́n wí. “Ó gbé mi lọ, ó gbé mi bọ̀. Nígbà tó balẹ̀ wọ̀ọ̀ báyìí, mo ní, ‘Ìyàwó ẹ ti sọ fún mi.’”

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, wọ́n yíjú sí Ìdílẹ̀kẹ̀. “Nílé yìí, bàálù kì í já!” Ìdílẹ̀kẹ̀ kúnlẹ̀, ẹ̀rín ń pa wọ́n kú lọ. Láti ìrọ́lẹ́ náà, Ìyá ò kí mi bí àlejò mọ́. Ìyàwó Onígèlè ni wọ́n ń pè mí, lójú ẹbí, lójú ará ọjà, títí dé ọjọ́ tí wọ́n fi ilẹ̀ bora. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé èmi ni mò ń fún àwọn ará ilé náà lórúkọ kí wọ́n lè gbà mí. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń dúró dè ni kí ẹnì kan nínú wọn fún èmi náà ní orúkọ tèmi.

Ìgandò la wà báyìí. Ẹlòmíràn ti ra ilé Òkè-Odò, mo gbọ́ pé ó ti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Mo ti wọ bàálù láti ìgbà náà. Ó dára, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wà nínú rẹ̀, kò lè rí i. Onígèlè ò wọ́pọ̀ mọ́, àwọn ẹlẹ́ńjìnì méjì ti gba ojú ọ̀run lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà sì ti ń di àgbà. Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn òjò, mo ń sáṣọ lẹ́yìnkùlé, òórùn kankéré yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nílẹ̀, ni mo gbọ́ ẹ́ńjìnì mẹ́rin láti òkèèrè. Mo gbé garawa sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo ní, “Ẹ kú ìrìn o, ọkọ mi.” Ìyàwó kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ilé kejì na ọrùn lórí fẹ́ǹsì, ó wo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kò rí ẹnì kankan.

“Mà, ta lẹ ń kí?”

“Ará ilé ọkọ mi ni,” ni mo dá a lóhùn, mo sì dúró lórí ìkúnlẹ̀ náà títí ó fi balẹ̀.